Nọ́ńbà Kan Ni Mo Fi Gbé Abà-Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Sábẹ́ Ìdí-Ahùn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi. Bí ẹ bá kà á tán tí ẹ ṣì fẹ́ bú mi, ẹ bú mi dáadáa, ó tọ́ sí mi. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi, mi ò sọ ọ́ fún ìyá mi, mi ò sì sọ ọ́ fún àlùfáà kankan.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ pe ọkùnrin kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin jáde lójú gbogbo ènìyàn, kí wọ́n sì pè wọ́n ní olè. Wọn ò jí nǹkan kan. Ọwọ́ èmi ni iṣẹ́ náà ti wá. Inú ń bí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wò ó bí ọ̀rọ̀ mi bá le. Èmi fúnra mi ni mò ń bínú sí jù, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi nìkan.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ikpinlè, lẹ́bàá ọ̀nà. Mo ń bá àwọn ènìyàn tẹ ìwé, mo ń ṣe fọ́tòkópì, mo ń bá àwọn ọmọ ilé ìwé wo èsì ìdánwò wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo kọ́ ní Kútọnu gan-an ni kíkọ́ ìkànnì sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ènìyàn wa ò mọ ìyàtọ̀. Nítorí pé mo ní kọ̀ǹpútà, wọ́n ń gbé rédíò tó bàjẹ́ wá fún mi. Ẹnì kan tiẹ̀ gbé ẹ̀rọ tó fi ń lọ àgbàdo wá rí, ó ní kí n bá òun wò ó.

Bàbá Àgbà ni mò ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Nígbà tí bàbá mi kú, òun ló gbà mí sílé. Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí lọ ilé ìwé títí mo fi jáde. Òun ni alága ẹgbẹ́ àwọn abà méjìlá tó wà láàárín Ikpinlè àti Massè. Ẹgbẹ́ yìí ló ní kí n kọ́ ìkànnì kan fún àwọn, kí àwọn ọmọ wa tó wà ní Kútọnu, ní Pọ́tónófò àti ní Gàbọ́ọ̀nù lè máa rí ilé láti ibi tí wọ́n wà. Abà kọ̀ọ̀kan máa ní ojú ìwé tirẹ̀, pẹ̀lú ìtàn rẹ̀, fọ́tò àwọn àgbààgbà rẹ̀ àti ohun tí wọ́n ń gbìn níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Àwọn orúkọ tí ẹ máa ń rí lókè ìkànnì, tí ẹ máa ń tẹ̀ kí ojú ìwé tó ṣí, inú àkọsílẹ̀ kan ni wọ́n ti ń jáde wá. Ẹ wò ó bí ìwé tí wọ́n fi rúlà fà sí ìlà-ìlà. Abà kan, ìlà kan. Nínú ìlà kọ̀ọ̀kan mo kọ orúkọ abà, mo kọ nọ́ńbà tirẹ̀, mo sì kọ nọ́ńbà ojú ìwé tí tirẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Bí kò bá sí lábẹ́ ojú ìwé kankan, òdo ni mo máa kọ. Ìkànnì á ka àkọsílẹ̀ yẹn, á sì to orúkọ bí mo ṣe kọ ọ́. Kò ní ọgbọ́n tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí gbólóhùn yìí, nítorí ọdún mẹ́ta ni mo fi sọ òdìkejì rẹ̀ fún àwọn ènìyàn.

Níbẹ̀rẹ̀, òdo ni mo kọ sí gbogbo abà méjèèjìlá. Mo tò wọ́n ní ABD. Mo rò pé ABD ò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Mo gọ̀. Abà-Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ṣíwájú, torí A ni orúkọ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí mo fi ìkànnì hàn wọ́n lábẹ́ igi máńgòrò ní Ìdí-Ahùn, kò sí ẹni tó wo fọ́tò, kò sí ẹni tó ka ìtàn. Ẹni tó ṣíwájú ni gbogbo wọn ń wò.

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó ṣíwájú kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Lọ́dọọdún, nígbà tí a bá ń bọ àwọn baba ńlá wa, ẹnì kan wà tí à ń pè ní apè. Òun ló máa ń pe abà kọ̀ọ̀kan lórúkọ, bí wọ́n ṣe tẹ̀dó tẹ̀lé ara wọn. Bí wọ́n bá ti pe abà kan, obìnrin tó dàgbà jù níbẹ̀ á gbé igbá omi wá, á da omi sílẹ̀, á sì bá àwọn tó ti lọ sọ̀rọ̀. Abà tí wọn ò bá pè ò lè da omi. Abà-Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n máa ń pè ṣìkejì. Ìdí-Ahùn, tó jẹ́ abà tiwa, ni ìkẹta. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é kí wọ́n tó bí mi.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Àgbà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní ojú ti òun lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ òun. Ó ní báwo ni mo ṣe kọ́ ìwé tó báyìí tán, tí mo wá fi àwọn ará Abà-Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣíwájú ilé bàbá mi. Mo ní kò burú, mo lè tò wọ́n bí apè ṣe ń pè wọ́n. Ó ní rárá. Ó ní àwọn ará Abà-Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ṣe abà lọ́tọ̀, ilẹ̀ tiwa ni wọ́n fi ń dáko, kí n gbé wọn sábẹ́ wa.

Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ti sọ fún mi pé nígbà tí àwọn tiwa dé, kànga àwọn ará Abà-Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ mu omi nínú rẹ̀. Mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún Bàbá Àgbà. 

“Bàbá rẹ ti kú,” ó ní. “Èmi tí mo tọ́ ọ ni mo ń bá ọ sọ̀rọ̀.”

Mo pa òdo rẹ́, mo kọ mẹ́rin. Mẹ́rin ni nọ́ńbà Ìdí-Ahùn. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú kan. Abà-Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kúrò lókè, ó bọ́ sábẹ́ wa. Àwọn mọ́kànlá yòókù ni mo wá tò bí apè ṣe ń pè wọ́n. Mi ò ní purọ́ fún yín mọ́, inú mi dùn díẹ̀. Àwọn ará ilé wa ń pọ́n mi lé, wọ́n ń pè mí ní ọmọ tó mọ ilé. Mo gbà á, mo sì ń rẹ́rìn-ín.

Ohun kan wà tí mi ò rò lọ́jọ́ yẹn. Lórí kọ̀ǹpútà, orúkọ tó wà lábẹ́ òmíràn máa ń hàn bí èèyàn bá fọwọ́ kan tòkè. Lórí tẹlifóònù, kì í hàn. Àmì kékeré kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ tòkè, èèyàn ní láti tẹ̀ ẹ́ kó tó rí ohun tó wà lábẹ́. Kò sí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Gbogbo àwọn ènìyàn wa sì rèé, tẹlifóònù ni wọ́n ń lò. Bí Abà-Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe pòórá nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n Màtíà ni akọ̀wé Abà-Ọ̀gẹ̀dẹ̀. Òun náà ló máa ń ṣáájú àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Àgùdà tó wà níbẹ̀ bí fadá ò bá wá. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó gun alùpùpù wá bá mi nínú òjò, ó fi ọ̀rá wé tẹlifóònù rẹ̀.

“Àbúrò mi,” ó ní, “mò ń wá abà wa, mi ò rí i. Àbí pọ́tábù mi ló bàjẹ́?”

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo yí i síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, tẹlifóònù yín ló ti gbó. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó tún fi ọ̀rá wé e, ó padà sínú òjò.

Ó padà wá lóṣù kejì pẹ̀lú tẹlifóònù ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ní Pọ́tónófò. Tuntun ni tẹlifóònù yẹn. Mi ò lè sọ pé ó gbó. Mo ní kọ̀ǹpútà ló ń to àwọn abà fúnra rẹ̀, ó ń wò bí wọ́n ṣe tóbi tó àti ibi tí wọ́n súnmọ́. Mo ní kò sóhun tí mo lè ṣe sí i. Ó béèrè bóyá èèyàn lè bá kọ̀ǹpútà náà sọ̀rọ̀. Mo ní rárá.

Àwọn ará wa tó wà ní Gàbọ́ọ̀nù wá ní àwọn fẹ́ gbẹ́ kànga tó ní pọ́ǹpù fún abà kọ̀ọ̀kan. Orí ìkànnì tí mo kọ́ ni wọ́n ti ka àwọn abà. Orí tẹlifóònù sì ni. Wọ́n rí mọ́kànlá. Kànga mọ́kànlá ni wọ́n gbẹ́.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́, Ẹ̀gbọ́n Màtíà dìde, ó ní wọ́n fo abà àwọn. Bàbá Àgbà ní kí n wá ṣàlàyé. Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ló ń dùn mí jù. Mo dìde. Mo fi ṣọ́ọ̀kì ya igun mẹ́rin-mẹ́rin sára pátákó, mo fa ìlà láti òkè sí ìsàlẹ̀, mo sọ Faransé ńláńlá tí ìdajì àwọn tó wà níbẹ̀ ò gbọ́. Mo ní bí iṣẹ́ náà ṣe rí ní gbogbo ayé nìyẹn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọkùnrin kan kọjú sí Ẹ̀gbọ́n Màtíà, ó ní kọ̀ǹpútà kì í ṣe ojúsàájú, kó lọ jókòó. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti gbọ́, ó sì jókòó.

Láti ìgbà yẹn ni àwọn obìnrin Abà-Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń rìn wá sí Ìdí-Ahùn wá pọn omi, torí kànga àtijọ́ tiwọn ti gbẹ. Àwọn ìyàwó ilé wa sọ ọ́ di òfin pé àwọn tó wà lábẹ́ wa á dúró títí gbogbo ilé wa á fi pọn tán. Ta ló fún wọn ní òfin yẹn? Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ rí kí n tó kọ nọ́ńbà yẹn. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, mo rí ìyá Ẹ̀gbọ́n Màtíà tó jókòó sórí báàsì ìpọnmi tó dojú rẹ̀ dé. Ó ti wà níbẹ̀ láti òwúrọ̀, oòrùn sì ti mú. Mo pọn omi tèmi, mo gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ó kí mi. Ó ní Ọlọ́run á ràn mí lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ mi. Mi ò lè gbé omi yẹn délé, mo sọ ọ́ kalẹ̀ lọ́nà, mo dúró síbẹ̀, inú ń bí mi bí ẹni tó fẹ́ ya wèrè. Síbẹ̀ mi ò padà lọ sọ òótọ́.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá burú ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún yìí. Apè wa àtijọ́ ti kú. Inú orí ló kó gbogbo rẹ̀ sí, kò kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ jẹ́ ọkùnrin tó máa ń gbélé ní Kútọnu. Lọ́jọ́ ìbọ, ó fa tẹlifóònù yọ lápò. Mo rí i láti ibi tí mo dúró sí pé ìkànnì mi ló ṣí. 

Ìyá Ẹ̀gbọ́n Màtíà ti dìde kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni, torí òun ló máa ń tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó gbé igbá omi dání. Apè pe ti àkọ́kọ́, ó sì pe Ìdí-Ahùn tẹ̀ lé e. Ìyá náà ò jókòó. Apè pe gbogbo abà tán, ìyá náà ṣì dúró.

“Ẹ ò tíì pè wá,” ó ní.

Apè fi ìka yí tẹlifóònù rẹ̀ lókè, ó yí i nísàlẹ̀. “Ìyá, ẹ ò sí níbí. Ẹnì kan ní ẹ wà lábẹ́ Ìdí-Ahùn. Wọ́n ti bá yín da tiyín.”

Àwọn àgbààgbà abà mọ́kànlá ló jókòó síbẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò mọ̀ pé Abà-Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ìkejì. Gbogbo wọn wolẹ̀. Àwọn tí ipò wọn ti súnmọ́ iwájú torí pé ẹnì kan jáde, kí ni wọ́n fẹ́ sọ? Mò ń bínú sí wọn títí di ìsinsìnyí, àwọn tó ń pe ara wọn ní àgbà. Ìyá náà gbé omi rẹ̀ padà sílé. Kò dà á síbì kankan lójú wa.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo ṣí àkọsílẹ̀ yẹn, mo pa mẹ́rin rẹ́, mo dá òdo padà. Mo gbé e padà sí ipò kejì, bí apè àtijọ́ ṣe máa ń pè é. Mo rò pé mo ti tún un ṣe. Mo rò pé mo lè tún un ṣe ní ìdákẹ́jẹ́ bí mo ṣe bà á jẹ́ ní ìdákẹ́jẹ́. Ẹ wo irú ènìyàn tí mo jẹ́.

Kò tó wákàtí kan tí Bàbá Àgbà fi pè mí. Ó ní ta ló fọwọ́ kan ìkànnì? Ó ní ṣé èmi ni? Ẹnu mi ló kọ́kọ́ dáhùn, kí ọkàn mi tó rò ó. Mo ní kì í ṣe èmi.

Bàbá Àgbà mọ̀ dájú pé ẹ̀rọ kì í ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, òun ló kúkú rán mi níṣẹ́ àkọ́kọ́. Nítorí náà ó wá ẹni tó máa di ẹ̀bi rù. Ó ní Màtíà ni. Ó ní ọmọ Màtíà tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní Pọ́tónófò ló jí kọ́kọ́rọ́ ìkànnì, ìyẹn ọ̀rọ̀ àṣírí tí mo fi ń ṣí i, tó fi wọlé. Ó ti pe gbogbo àwọn akọ̀wé abà sí ìpàdé ọjọ́ Àìkú. Wọ́n ní bí ọmọ náà ò bá jẹ́wọ́, àwọn máa gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá àwọn jàǹdámù, àwọn ọlọ́pàá ìjọba. Ọmọ tó jẹ́ pé ọdún kan ló kù kó gba ìwé ẹ̀rí.

Mo lọ bá Bàbá Àgbà ní Ọjọ́rú. Mo ní kó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí lọ. Ó ní bí òun bá jẹ́ kó lọ, gbogbo ayé á mọ̀ pé Abà-Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí pọ́ǹpù tirẹ̀, wọ́n á sì béèrè ẹni tó fi wọ́n sẹ́yìn. Ó ní ṣé mo fẹ́ kí wọ́n na ìka sí òun lọ́jọ́ ogbó?  Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ wá, mo sì jẹ ẹ́. Mo jókòó, mo jẹ oúnjẹ ọkùnrin yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín máa sọ. Wọ́n á ní ẹni tó tọ́ mi ni, kí n bo àṣírí rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi bò ó, àwọn obìnrin kan ló sì ń fi orí ru àṣírí náà bọ̀ láti Ìdí-Ahùn lójoojúmọ́. Àwọn mìíràn á ní kí n kọ lẹ́tà láìfi orúkọ sí i. Ta ló máa gbà á gbọ́? Wọ́n á ní Màtíà ló kọ ọ́.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni èyí. Bí mo bá dìde lọ́jọ́ Àìkú, ṣé kí n dárúkọ Bàbá Àgbà, àbí kí n gbé gbogbo rẹ̀ lé ara mi lórí? Ọwọ́ mi ló kọ ọ́, kò sí ẹni tó di ọwọ́ mi mú. Ṣùgbọ́n bí mi ò bá dárúkọ rẹ̀, òun ló máa jókòó sórí àga, tí á máa fi mí ṣẹ̀sín, tí á sì máa dájọ́ fún mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Inú rẹ̀ sì ń bí mi débi pé mi ò lè pe orúkọ rẹ̀ láìjẹ́ pé ohùn mi yí padà. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà jù mí lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Lánàá, ọmọ Ẹ̀gbọ́n Màtíà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ojú rẹ̀ wú. Ó ní bàbá òun ò jẹun láti ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kó jókòó, kò jókòó.

“Àǹtí,” ó ní, “ẹ̀yin nìkan lẹ mọ iṣẹ́ yìí níbí. Ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́ Àìkú, ẹ bá mi sọ fún wọn pé kì í ṣe èmi.”

Mo ní màá sọ. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi, ó di ẹsẹ̀ mi mú, ó ń dúpẹ́. 

Ẹ má sọ fún mi pé kí n dákẹ́. Ìyẹn ti tán. Ẹ kàn bá mi wá ọ̀rọ̀ tí mo máa kọ́kọ́ sọ sí ọmọ yẹn létí, kí ó tó gbọ́ ọ láàárín èrò pé èmi tí òun kúnlẹ̀ fún gan-an ni mo ṣe é.